Etí Nìkan Kọ́ Ni A Fi Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí ẹrù rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "gbọ́". Bí ìró bá ta sí wa létí, a ó ní a gbọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá ṣe àlàyé tí ó yé wa, a ó ní a ti gbọ́. Bí ènìyàn bá mọ èdè àwọn Haúsá, a ó ní ó gbọ́ Haúsá. Bí ọmọ bá sì ń ṣe ohun tí àwọn òbí rẹ̀ wí, a ó ní ó gbọ́ràn. Ohun mẹ́rin ni a fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ: kí etí mú ìró, kí òye wọ inú, kí ènìyàn mọ èdè, kí ọmọ sì ní ìtẹríba. Bóyá nítorí èyí ni ó ṣe rọrùn fún wa láti rò pé ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mú ìró, kò lè ní òye, kò lè ní èdè, kò sì lè ní ìwà.

Èmi pẹ̀lú rò bẹ́ẹ̀ rí. Olùkọ́ ni mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Síbẹ̀, ọmọ tí mo bí ni ó kọ́ mi pé irọ́ ni èrò náà. Bí mo ti ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. N kò ní fi ẹ̀bi mi pamọ́ fún yín, nítorí bí mo bá fi í pamọ́, kò sí ohun tí ẹ ó rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi.

Ìlú Ìṣẹ́yìn ni ilé wa wà. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta èmi àti ìyàwó mi lọ́rẹ, obìnrin sì ni àbíkẹ́yìn. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí ó ti di àgbà, ó sì tó ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjì, ó ti ń pe ìyá rẹ̀, ó ti ń pè mí, ó sì ti ń fi ariwo da ìyá mi tí ń gbé lọ́dọ̀ wa láàmú ní òròòwúrọ̀ pé òun fẹ́ àkàrà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni ibà líle kan kọlù ú. Ọrùn rẹ̀ gan pa, ojú rẹ̀ kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, gìrì sì ń mú un. Àwọn dókítà ní àrùn yírùnyírùn ni, èyí tí í máa kọlu awọ tí ó bo ọpọlọ. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn, ọmọ náà sì yè. A dúpẹ́, a pe àwọn ará wá bá wa yọ̀. A kò mọ̀ pé nígbà tí àrùn náà ń lọ, kò lọ lọ́wọ́ òfo.

Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ti mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ọ̀kan. Bí a bá pè é, kì í dáhùn. Àwọn kan ní kí a fi ara balẹ̀, pé ọmọ mìíràn a máa pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní àgídí ni. Àwọn tí ó ní àgídí ni ni mo gbà gbọ́. Ní ọjọ́ kan, ìyá mi sá iṣu gbígbẹ tí yóò fi ṣe èlùbọ́ sí àgbàlá, òjò sì ṣú. Ọmọ náà jókòó ti ẹní iṣu náà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré. Mo pè é láti ojú fèrèsé pé kí ó pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n wá kó iṣu wọlé. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tilẹ̀ yíjú padà. Òjò dé, iṣu rin. Mo jáde pẹ̀lú pàṣán, mo sì nà án lẹ́sẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹnu mi, ó sì ń sunkún láìmọ ohun tí òun ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà.

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ fura. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ó mú ìdérí ìkòkò méjì, ó yọ́ lọ sí ẹ̀yìn ọmọ náà, ó sì lu wọ́n mọ́ ara wọn kíkan kíkan. Àwọn adìyẹ inú àgbàlá fò sókè. Ọmọ náà kò mira. Ìyá mi ju ìdérí náà sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ilé ìwòsàn ni a lọ lẹ́yìn èyí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti jẹ́rìí sí i pé adití ni ọmọ wa.

Dókítà tí ó yẹ etí rẹ̀ wò bá wa sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní àrùn náà ti ba inú etí jẹ́, pé kò sí oògùn tí a óò kán sí i tí yóò tún un ṣe, àti pé kí a tètè wá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití fún ọmọ náà, níbi tí yóò ti kọ́ èdè ọwọ́. Ìmọ̀ràn tí ó dára ni, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ní ọmọ mi kò ní dẹni tí ń ju ọwọ́ kiri lójú títì kí ayé máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìlú tí wọ́n bá darí wa sí ni à ń lọ. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kán òróró, wọ́n sín gbẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò ní èdè kankan: kò gbọ́ tiwa, a kò sì jẹ́ kí ó kọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó di ẹ̀yìn ọ̀la kí n tó mọ ohun tí a ṣe. Àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọmọ ni èdè í máa rọrùn jù láti wọ inú rẹ̀, ìbáà ṣe èdè ẹnu tàbí ti ọwọ́. Ọmọ tí kò bá rí èdè gbà ní àkókò náà, ebi ń pa á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi náà kì í hàn lára. A ń wá etí kiri fún ọmọ wa, a sì ń fi ebi èdè pa á.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méje, owó tán, ìrètí tán, a sì mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití kan ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọmọ ń gbé. Ó yẹ kí ẹ mọ bí irú ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà, Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀. Àrùn kan náà tí ó kọlu ọmọ mi ni ó sọ ọ́ di adití nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú kìn-ín-ní tí ó gba oyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Gallaudet, èyí tí a dá sílẹ̀ fún àwọn adití. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ adití ní Áfíríkà ni kò rí ẹni kọ́ wọn, ó kọjá òkun wá. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 1957 àti ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Kí ó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní Rwanda ní ọdún 1987, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà ti lé ní 30. Ìdí nìyí tí èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe fara jọ ti Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adití wa ti fi tiwọn kún un.

Láàárín ọdún kan, ọmọ wa di ẹlòmíràn. Nígbà tí ó bá wálé ní ìsinmi, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀. Ó ń tú u jáde bí ẹni tí ó ti ọjà ńlá dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó rà bọ̀. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ìwọ̀nba díẹ̀: wá, jẹun, omi, oorun. Èmi kò kọ́ ọ̀kan. Mo ní mo ti san owó ilé ìwé, iṣẹ́ mi sì parí síbẹ̀. Bí ó bá ti ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi a mi orí, èmi a sì rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé ìfẹ́ ni ẹ̀rín náà.

Ó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ Ajé kan ní àkókò ìsinmi, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń yẹ ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò, ó sì wá dúró níwájú mi. Ó na ìka tí a fi ń júwe nǹkan ní ọwọ́ méjèèjì, ó dojú wọn kọ ara wọn níwájú ikùn rẹ̀, ó sì ń lọ́ wọn síwá sẹ́yìn. Mo rò pé ó ń sọ ìtàn ọmọ méjì tí wọ́n pàdé lọ́nà. Mo mi orí, mo rẹ́rìn-ín, mo pa á lórí, mo sì padà sídìí ìwé mi. Ní ọjọ́ kejì ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ebi ń pa á, ó bu oúnjẹ fún un, kò sì jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ó tún padà sọ́dọ̀ mi. Ìka méjèèjì tún dojú kọ ara wọn, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Mo tún rẹ́rìn-ín, mo sì fún un lówó kí ó fi ra gúgúrú.

Ní òru ọjọ́ náà ara rẹ̀ gbóná, ó ń bì, kò sì lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́. A wá ọkọ̀, a sì gbé e lọ sí Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà tẹ apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ọmọ náà sì kígbe. Ó bi wá pé, "Láti ìgbà wo ni inú ti ń run ọmọ yìí?" Mo dáhùn pé, "Alẹ́ àná ni, Dókítà." Ó ní ìfun kékeré kan tí a ń pè ní apẹ́ńdíìsì ni ó wú, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ó ní díẹ̀ ni ó kù kí ìfun náà bẹ́, bí ó bá sì bẹ́ sí i nínú, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Ní ọjọ́ kejì, a ránṣẹ́ pe olùkọ́ rẹ̀ kan tí ń gbé nítòsí. Ó jókòó ti ibùsùn, ó sì fi ọwọ́ bi í léèrè ìgbà tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀. Mo rí i bí ọwọ́ ọmọ náà ti gbéra díẹ̀díẹ̀. Mo rí ìka méjì náà tí wọ́n tún dojú kọ ara wọn. Mo rí i tí ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, tí ó fi àtàǹpàkò kan iwájú orí. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka fa ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì sókè. Olùkọ́ náà dákẹ́. Mo bi í pé kí ni ó wí. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni inú ti ń run òun. Ó ní, 'Mo sọ fún Bàbá. Bàbá rẹ́rìn-ín.'"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ líle rí láyé mi, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èyí tí ó wọ̀ mí lára bí ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ láìla ẹnu. Ìka méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn, ìrora ni wọ́n túmọ̀ sí. Ibi tí a bá sì gbé wọn sí lára, ibẹ̀ ni ó ń dunni. Ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ tí ó dájú, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì júwe ibi tí ó wà. Ta wá ni adití nínú ilé wa? Ọmọ náà sọ̀rọ̀. Èmi ni n kò gbọ́.

Bí ẹni méjì bá wà ní bèbè odò méjèèjì, tí ọ̀kan mọ̀ wẹ̀ tí èkejì kò mọ̀ wẹ̀, ta ni ó yẹ kí ó kọjá? Ọmọ mi kò lè gbọ́ bí ó ti wù kí ó fẹ́ tó. Èmi lè gbé ọwọ́ mi sókè bí mo bá fẹ́. Síbẹ̀, ọdún méje gbáko ni mo fi dúró ní bèbè tèmi tí mo ń retí pé kí ọmọ kékeré wá bá mi. Ní ìdí ibùsùn yẹn ni mo ti pinnu pé gbogbo ilé wa ni yóò kọ́ èdè ọmọ náà, àti èwe àti àgbà.

Nígbà tí a padà délé, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá olùkọ́. Kò jìnnà rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan wà lẹ́bàá ọjà, adití ni, ó sì ti jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá tí n kò kí i rí, nítorí mo rò pé kò sí ohun tí a lè bá ara wa sọ. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sínú ìwé, mo sì nà án sí i. Ó kà á, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé: "Àwọn òbí mi kò kọ́ ọ rí. N óò wá ní Sátidé."

Báyìí ni ẹ̀kọ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a óò jókòó yí àgbàlá ká, ọmọ wa yóò sì dúró ti olùkọ́ bí igbá kejì rẹ̀. A kọ́kọ́ kọ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 26 tí a ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo yà. Lẹ́yìn náà ni a kọ́ orúkọ àwọn ènìyàn. Bí ọwọ́ tí a tẹ́ gbalaja bá fi àtàǹpàkò kan iwájú orí, bàbá ni. Bí ó bá kan àgbọ̀n, ìyá ni. Ìyá mi kò tètè mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì pe ìyàwó mi ní bàbá fún odidi oṣù kan. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ṣe é ṣe fún wa láti má bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìka àwọn ọmọ tètè mọ́. Tiwa le bí igi. Nínú oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ ti ń bá àbúrò wọn jiyàn. Èmi ń wá ọ̀rọ̀ kan fún ìṣẹ́jú kan.

Ìṣòro tèmi kò sí ní ọwọ́ nìkan. Mo ń bi ọmọ náà ní ìbéèrè, kì í dáhùn. Mo bínú díẹ̀, títí aránṣọ náà fi ṣe àlàyé. Nínú èdè ọwọ́, ojú wà lára ọ̀rọ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ́ èyí tí a ń fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn, a gbọ́dọ̀ gbé ìpéǹpéjú sókè. Bí a bá ń béèrè ta ni, tàbí kí ni, tàbí níbo, a gbọ́dọ̀ fa ojú ro. Bí ohùn wa ti ń lọ sókè sódò tí í fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń ṣe fún wọn. Èmi ti mú ojú mi le bí ojú olùkọ́ níwájú kíláàsì. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ìbéèrè ni mo ń bi òun. Mo kọ́ bí a ti í jẹ́ kí ojú sọ̀rọ̀ nígbà tí irun orí mi ti ń funfun.

Ìyá mi ní ẹjọ́ méjì tí ó rò. Èkíní ni ti ọwọ́ òsì. Ó ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ẹ ha fẹ́ kí ọmọ yìí máa gbé ọwọ́ òsì sí àgbà lójú?" Mo kọ ọ̀rọ̀ náà fún aránṣọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi ná, kí ó tó kọ èsì rẹ̀ pé: "Ìyá, bí àgbà bá fún ọmọdé ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń gbà á. Ọwọ́ méjèèjì náà ni a fi ń gba ọ̀rọ̀." Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ tí a kọ́ ni. Èkejì ni ti ojú: pé ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ adití tí ó bá gbé ojú kúrò ti di etí rẹ̀ nìyẹn. A fi ẹnu kò pé ọmọ náà yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí àgbà, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ojú sókè láti gba ọ̀rọ̀. Báyìí ni a kò sọ àṣà nù, a kò sì sọ ọmọ nù.

A tún ṣe òfin fún inú ilé. Bí ọmọ náà bá wà lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tí yóò fi ẹnu nìkan sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ẹ kò mọ iye ohun tí ẹ kọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí a kò bá yín sọ: owó ọjà, ẹjọ́ àdúgbò, ìdí tí àbúrò bàbá kan kì í fi í wá sílé mọ́. Ọmọ adití a máa jókòó láàárín ẹbí, a sì máa dá nìkan wà. Bí iná mànàmáná bá lọ lálẹ́, fìtílà ni a kọ́kọ́ ń tàn, nítorí òkùnkùn a máa pa èdè ọwọ́ lẹ́nu mọ́. Bí a bá fẹ́ pè é, a óò ju ọwọ́, tàbí kí a fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ jẹ́jẹ́. Òun náà sì fún olúkúlùkù wa ní orúkọ. Ilà mẹ́ta tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi ni ó fi ń pe ìyá mi. Èmi, ó ń fi ìka ti awò ojú tí kò sí lójú rẹ̀ sókè bí mo ti í máa ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé èdè ọwọ́ kì í ṣe èdè, ẹ má gbà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú ti ṣi ara wọn lọ́nà lórí èyí. Ní ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ ní ìlú Milan ní Ítálì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tí ń gbọ́ nìkan ni wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ sí i pé ẹnu ni kí a fi máa kọ́ àwọn adití, kí a sì pa èdè ọwọ́ tì. Nítorí èyí, wọ́n jẹ ọ̀pọ̀ ọmọ níyà nílé ìwé nítorí pé wọ́n gbé ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1960, William Stokoe, olùkọ́ kan ní Gallaudet, tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé èdè ọwọ́ ní òfin àti ìlànà bí èdè yòówù. Àpéjọ tí ó jókòó ní Milan pàápàá, nígbà tí ó tún péjọ ní Vancouver ní Kánádà ní ọdún 2010, kọ ìpinnu ti ọdún 1880 sílẹ̀, ó sì kẹ́dùn ibi tí ó ti ṣe. Láti ọdún 2018 ni a ti ń ya ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án sọ́tọ̀ ní gbogbo ayé fún àwọn èdè ọwọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní "àwọn èdè", nítorí wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Bí èdè ẹnu ti pọ̀ láyé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọwọ́.

Àwa Yorùbá gan-an kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí wa. Ìlù dùndún a máa sọ̀rọ̀ láìní ẹnu. Àwọn baba ńlá wa a máa fi àrokò ránṣẹ́: owó ẹyọ méjì tí ó dojú kọ ara wọn ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, méjì tí ó kọ ẹ̀yìn sí ara wọn ń sọ̀rọ̀ ìjà. Ta ni nínú yín tí ìyá rẹ̀ kò fi ojú bá sọ̀rọ̀ rí níwájú àlejò, tí ó sì yé e kíá pé kí òun má ṣe gba oúnjẹ yẹn? A ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn wọlé yàtọ̀ sí ẹnu àti etí.

Ó kù ohun kan tí n óò sọ. Ní bí ọdún kan lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, nígbà tí èmi àti ọmọ náà ti lè bá ara wa sọ̀rọ̀ díẹ̀, a jọ jókòó ní àgbàlá ní ọjọ́ kan tí òjò ṣú. Ìyá mi ń kó iṣu rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà wo iṣu, ó wo ojú ọ̀run, ó sì yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ní ìgbà tí mo kéré, òjò rọ̀, ẹ nà mí. Kí ni mo ṣe?" Ọdún mẹ́fà ni ó ti gbé ìbéèrè náà sínú. Kò sí èdè tí ì bá fi bi mí, èmi kò sì ní èdè tí n bá fi dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan. Mo ní mo pè é, n kò mọ̀ pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà mo di ìkúùkù, mo gbé e lé àyà, mo sì ń yí i po níbẹ̀. Bí a ti í sọ pé "dárí jì mí" nínú èdè ọwọ́ nìyẹn. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú ìkúùkù mi, ó tún un ṣe díẹ̀, nítorí n kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ó sì fara tì mí.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yọ́, ní kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ adití níwèé. Ní alẹ́, fóònù ni a fi ń rí ara wa tí a fi ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi ti re ibi àgbà í rè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, nígbà tí ohùn rẹ̀ ti lọ tí kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ ni ó fi súre fún wa, ọmọ adití náà ni ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ẹbí tí kò gbọ́ èdè ọwọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ó pàdé adití ní ọjà, ní ọ́fíìsì, bóyá nínú ilé tiyín. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2019 kà á léèwọ̀ kí a fi àbùkù ara yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọwọ́ yín ní ọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe pe adití ní odi, nítorí ó ní èdè. Ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ kọjú sí i. Bí ohun tí ó wí kò bá yé yín, ẹ má ṣe mi orí, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó yé; ẹ jẹ́wọ́ pé kò yé yín, kí ẹ sì ní kí ó tún un sọ. Ẹ̀rín tí a fi bo àìmọ̀ kì í ṣe ìfẹ́. Ìfẹ́ a máa gba wàhálà ẹ̀kọ́ sára. Ẹni tí ó bá sì lè kọjá odò, òun ni kí ó kọjá.